Arinto: èso àjàrà Potogí kan tí orúkọ ẹ̀ ń rú èèyàn lójú

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù wáìnì kan tó mọṣẹ́ ẹ̀ ní London, ẹ lọ síbi tí wọ́n to ọtí Pọ́rtúgàl sí, ẹ ó rí ìgò kan tí wọ́n kọ Arinto sí gàdàgbà, ẹ ó rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí wọ́n kọ Pedernã sí, tó bá sì jẹ́ pé ọjà wọn pé dáadáa ẹ ó tún rí ìkẹta, tó wọ́n ju àwọn méjèèjì lọ, Arinto dos Açores ni wọ́n kọ sára òun. Ẹ bi ẹni tó ń tajà, ó lè sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ bi ẹlòmíì, ó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra. Àwọn méjèèjì ò gbà á. Méjì nínú ìgò yẹn, àjàrà kan náà ló wà nínú wọn tí orúkọ wọn ò jọra, ìkẹta ló ń jẹ́ orúkọ tó jọ ti àkọ́kọ́ àmọ́ àjàrà ọ̀tọ̀ ni.

Mo ti rí àwọn èèyàn wa tó ń jiyàn lórí ẹ̀ níbi páàtì, kálukú di ìgò tiẹ̀ mú, ohùn ti ń ga, kò sì séyìí tó mọ ohun tó ń sọ nínú wọn. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kì í mutí náà lè kà á o, torí ọ̀rọ̀ oko ló pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ọtí lọ.

## Àwọn ọ̀rọ̀ mélòó kan tó yẹ ká mọ̀ ná

Wáìnì ni omi èso àjàrà tí ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà inú ẹ̀ tó fi di ọtí. Tí wọ́n bá tètè fún omi yẹn kúrò lára èèpo, wáìnì funfun nìyẹn, kò wulẹ̀ funfun kankan, ó kàn mọ́ gaara pẹ̀lú àwọ̀ koríko gbígbẹ díẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ àjàrà dúdú tí wọ́n jẹ́ kí omi ẹ̀ bá èèpo jókòó fún ọjọ́ mélòó kan, ó di pupa.

Oríṣi àjàrà pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Pọ́rtúgàl nìkan ní ju 250 lọ tó jẹ́ ti ìbílẹ̀ ibẹ̀, ẹ sì rántí pé gbogbo ilẹ̀ Pọ́rtúgàl ò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi di rúdurùdu níbẹ̀, àbúlé kan ń pe àjàrà kan ní báyìí, àbúlé tó kàn ń pè é ní báyìí, nígbà tí wọn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ DNA wò, ta ló fẹ́ dá ẹjọ́ yẹn?

Lẹ́tà mẹ́ta kan tún wà tẹ́ ẹ máa rí lára ìgò wọn: DOC. Ohun tó ń sọ ni pé ìjọba ti pààlà sí àgbègbè kan, wọ́n ti sọ irú àjàrà tí wọ́n lè gbìn níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe ọtí ẹ̀, ẹni tí kò bá tẹ̀ lé e ò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àgbègbè náà sára ìgò ẹ̀. Kódà Lagos ní DOC! Kì í ṣe Èkó tiwa ṣá, Lagos ti Algarve ni, létí òkun ní gúúsù Pọ́rtúgàl.

## Kí wá ni Arinto fúnra ẹ̀?

Arinto kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́, kì í sì í ṣe orúkọ ìlú. Oríṣi àjàrà kan ni, èèpo ẹ̀ kì í dúdú, àwọ̀ ewé ló máa ń ní títí á fi gbó, nígbà yẹn á wá pọ́n díẹ̀ bí oòrùn bá ṣe rí i sí. Tẹ́ ẹ bá gbé ìdì kan lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé ìdì yẹn tóbi àmọ́ àwọn èso ara ẹ̀ kéré, wọ́n sì há mọ́ra débi pé ẹ ò ní ráyè ki ìka bọ àárín wọn. Ìdì tó bá há bẹ́ẹ̀, omi òjò kì í tètè gbẹ láàárín ẹ̀, nítorí náà àgbẹ̀ tó bá gbin Arinto kì í fẹ́ rí òjò rárá tí ìkórè bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó sì tún ń pẹ́ kó tó gbó, àwọn tó kù ti lè wọ agbọ̀n tán kí tiẹ̀ tó tó ká.

Wọ́n ń gbìn ín káàkiri Pọ́rtúgàl, láti àríwá dé gúúsù, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí àgbègbè tẹ́ ẹ dé tẹ́ ẹ máa wá a tì. Ibi tí òkìkí ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni Bucelas, ìlú kékeré kan lókè Lisbon, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń pè é ní Arinto de Bucelas, kí wọ́n má bàa ṣì í mọ́ àwọn tó kàn ń jẹ́ orúkọ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá bi wọ́n pé kí ló wà lára ẹ̀ tí gbogbo àgbẹ̀ fi ń wá a, ìdáhùn kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́: ó kan.

## Kíkan kẹ̀? Ṣé ìyẹn wá dáa?

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ Arinto.

Ẹ rántí agbálùmọ̀. Èyí tí wọ́n tètè ká, tẹ́ ẹ bá fi sẹ́nu, ojú á fún pọ̀, itọ́ á kún ẹnu, eyín á kan yín. Èyí tó gbó dáadáa dùn, àmọ́ kíkan yẹn ò tíì kúrò nínú ẹ̀ tán, ó ṣì wà lábẹ́ adùn náà, òun ló sì ń mú kéèyàn jẹ ọ̀kan tán kó tún na ọwọ́ sí òmíràn. Ká ní adùn lásán ló wà níbẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kejì ni ì bá ti sú wa. Bí wáìnì funfun náà ṣe rí nìyẹn. Tí kíkan ò bá sí nínú ẹ̀, ó máa ń wúwo lẹ́nu, ó máa ń tẹ́, èèyàn á mu ún bí ìdajì gíláàsì á gbé e sílẹ̀.

Kíkan yẹn, ásíìdì ni. Oríṣi méjì ló pọ̀ jù nínú èso àjàrà. Ọ̀kan ni tartaric, òun náà ló wà nínú tsamiya tí àwọn Hausa fi ń ṣe kunu. Èkejì ni malic, èyí tó ń mú kí ápù tútù kan. Nígbà tí èso àjàrà bá ṣì kéré tó le koko, ásíìdì méjèèjì ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, ṣúgà ò tíì sí. Tó bá wá yá tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ṣúgà á máa wọlé láti ara ewé, ásíìdì malic yẹn á sì máa dínkù, torí èso náà ń fi í mí, ó ń jó o bíi epo inú ọkọ̀ lójoojúmọ́ ni. Bí ooru bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń yára jó o, pàápàá tí òru náà ò bá tutù.

Ẹ wá wo wàhálà àgbẹ̀ tó wà níbi tó gbóná. Tó bá tètè ká àjàrà ẹ̀, kíkan wà níbẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ kò sí adùn, kò sí òórùn, omi lásán tó ń kan ló máa rí. Tó bá ní òun á dúró kó gbó, ṣúgà á wọlé dáadáa, ó máa lágbára, àmọ́ kíkan ti lọ. Ọjọ́ mélòó kan ló wà láàárín méjèèjì, ẹni tó bá ṣì í lórí ìyẹn, ọdún yẹn ti bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Arinto ò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣúgà á wọlé, òórùn á wọlé, kíkan ò ní kúrò. Bí ara ẹ̀ ṣe rí ni, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, oòrùn tó ń pa kíkan inú àwọn tó kù ò lè rí tiẹ̀ gbé ṣe. Ohun tẹ́ ẹ máa tọ́ wò nínú ẹ̀ ni òroǹbó wẹ́wẹ́ àti ápù àwọ̀ ewé, kì í ní òórùn òdòdó rẹpẹtẹ tó máa ń gbá èèyàn nímú, ẹni tó bá fẹ́ òórùn kó wá a lọ síbòmíì.

## Pedernã ńkọ́?

Pedernã ni Arinto. Ẹ lè fi ìyẹn sínú àpò yín, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀ mọ́.

Ìgun àríwá ìwọ̀ oòrùn Pọ́rtúgàl ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, láti apá Porto lọ títí dé odò Minho tó pààlà àwọn àti Sípéènì. Àgbègbè Vinho Verde nìyẹn, 1908 ni ìjọba ti pààlà sí i. Òfin gba orúkọ méjèèjì, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ méjèèjì pa pọ̀ sára ìgò, Arinto níwájú, Pedernã nínú àkámọ́.

Bí wọ́n ṣe ń gbin àjàrà níbẹ̀ láyé àtijọ́ máa jọ yín lójú. Ilẹ̀ ò tó wọn, ìdílé kan á ní oko kékeré, ibẹ̀ náà ni wọ́n á gbin àgbàdo sí, ibẹ̀ náà ni ẹ̀wà wà, wọn ò wá ní fi ilẹ̀ yẹn jìn fún àjàrà, nítorí náà wọ́n á gbin àjàrà sí ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ oko, wọ́n á jẹ́ kó máa gun igi lọ sókè, tí ìkórè bá dé wọ́n á gbé àkàbà tó ga ti igi, ẹnì kan á wà lókè tó ń gé ìdì, ẹnì kan á wà nísàlẹ̀ tó ń gba agbọ̀n. Orí wáyà ni púpọ̀ nínú ẹ̀ wà báyìí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gba ojú ọ̀nà ìgbèríko wọn kọjá, ẹ ṣì lè rí àjàrà lórí igi.

Nínú Vinho Verde, wọ́n sábà máa ń po Pedernã mọ́ Loureiro, èyí tó ní òórùn, àti Trajadura, tó rọ̀ lẹ́nu. Ọtí inú ẹ̀ kì í pọ̀, ó sì máa ń ta ahọ́n díẹ̀ bíi pé gáàsì wà níbẹ̀. Gáàsì wà níbẹ̀ lóòótọ́! Láyé ọjọ́un inú ìgò fúnra ẹ̀ ló ti ń jáde, lóde òní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń fi sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé Vinho Verde jẹ́ oríṣi àjàrà, rárá o, orúkọ àgbègbè ni. Wọ́n ní pupa níbẹ̀, wọ́n ní rosé tí àwọ̀ ẹ̀ wà láàárín pupa àti funfun, wọ́n ní funfun, gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ́ Vinho Verde.

## Èyí tó wá láti Açores, ẹ yà á sọ́tọ̀

Báyìí la wá dé orí ìgò kẹta. Açores jẹ́ àwọn erékùṣù mẹ́sàn-án tó wà láàárín òkun Atlantic, bíi 1,500 kìlómítà sí Lisbon, ti Pọ́rtúgàl ni wọ́n ṣáà. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Pico. Òkè ayọnáyèéfín ńlá kan ló dá dúró sórí ẹ̀, gíga ẹ̀ tó mítà 2,351, kò sí òkè tó ga tó o ní gbogbo Pọ́rtúgàl.

Nígbà tí àwọn Potogí débẹ̀ ní ọ̀rúndún 15, ohun tí wọ́n bá lápá ibẹ̀ kan ni àpáta dúdú tó yọ jáde nínú òkè yẹn tó ti tutù, kò sí ilẹ̀ tó ṣeé kọ ebè sí. Wọ́n wá ṣa òkúta yẹn jọ, wọ́n fi mọ ògiri kéékèèké káàkiri láìfi nǹkan kan lẹ̀ ẹ́, òkúta lórí òkúta, ògiri yẹn ò ga ju ìbàdí lọ, wọ́n á ti àjàrà bíi mélòó kan bọ inú ojú àpáta láàárín ẹ̀. Wọ́n ń pe yàrá kéékèèké yẹn ní currais. Ìṣòro méjì ni ògiri yẹn ń yanjú lẹ́ẹ̀kan náà: atẹ́gùn òkun tó ru iyọ̀ dání ò ní lè jó ewé, òkúta dúdú á sì fa ooru oòrùn mu lọ́sàn-án, lálẹ́ á máa tú u sílẹ̀ fún àjàrà tó sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lára ẹ̀. Ẹ wo àwòrán ibẹ̀ láti òkè, ẹ̀yin náà á béèrè pé ta ló ráyè gbé gbogbo òkúta yẹn. UNESCO fi ibẹ̀ sínú àwọn ogún àgbáyé ní 2004.

Láàárín ọ̀rúndún 19 ni àrùn olú kan kọ lu àjàrà ibẹ̀, kò pẹ́ ni kòkòrò phylloxera tó ń jẹ gbòǹgbò tún dé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi oko sílẹ̀, àwọn mìíràn fa tìbílẹ̀ tu, wọ́n gbin èyí tó wá láti Amẹ́ríkà tí àrùn ò lè mú, ọtí ẹ̀ ò sì dà bí ọtí tó ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tìbílẹ̀ ò parẹ́ tán ṣá, wọ́n fara pamọ́ sínú àwọn yàrá òkúta wọ̀nyẹn. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Arinto dos Açores.

Àwọn èèyàn ibẹ̀ fún un lórúkọ yẹn torí òun náà kan, àti pé ẹni tó bá wò ó láìfara balẹ̀ lè rò pé Arinto ni. Nígbà tí wọ́n wá yẹ DNA àwọn méjèèjì wò, oríṣi méjì ni wọ́n jẹ́. Ìyẹn ti parí ẹjọ́. Ọtí ẹ̀ tún yàtọ̀ lẹ́nu: ẹ máa mọ iyọ̀ òkun nínú ẹ̀, lójú tèmi ó sàn ju èyí tó wà ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ lọ àmọ́ owó ẹ̀ ò mọ níwọ̀n, kò sì yà mí lẹ́nu torí àwọn yàrá òkúta yẹn ò gba tirakítọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Azores Wine Company wà lára àwọn tó ń ṣe é tí ìgò wọn ń dé òkè òkun.

Ìdàrúdàpọ̀ kan tó kéré tún wà: ní àgbègbè Dão, láàárín Pọ́rtúgàl, àwọn àgbà máa ń pe àjàrà kan ní Arinto do Dão, Malvasia Fina nìyẹn, òun náà kì í ṣe Arinto. Kò fi bẹ́ẹ̀ hàn lára ìgò mọ́, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú.

## Bucelas, nílé Arinto gan-an

Bíi kìlómítà 25 lókè Lisbon ni Bucelas wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Loures, nínú àfonífojì odò kan tí wọ́n ń pè ní Trancão. Ilẹ̀ ibẹ̀ ní ẹfun òkúta nínú, atẹ́gùn Atlantic sì ń dé ibẹ̀ tí òru fi ń tutù ju ti Lisbon lọ, nítorí náà àjàrà tó ń pẹ́ gbó bíi Arinto ráyè ṣe é jẹ́jẹ́. 1911 ni ìjọba pààlà sí ibẹ̀. Òfin wọn ni pé wáìnì funfun tó bá fẹ́ jẹ́ Bucelas, Arinto gbọ́dọ̀ tó 75 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀ ó kéré tán. Ohun tí wọ́n lè fi kún ìyókù ni àjàrà méjì míì, Sercial, èyí tó gbajúmọ̀ ní erékùṣù Madeira tó jẹ́ ti Pọ́rtúgàl, àti Rabo de Ovelha. Sercial yẹn tún kan ju Arinto lọ o! Àwọn Potogí tiẹ̀ ń pè é ní Esgana Cão, ìyẹn èyí tó ń fún ajá lọ́rùn pa. Ẹ lè fọkàn yàwòrán bí àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ṣe ṣe ojú lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Bí Bucelas ṣe di gbajúmọ̀ nílùú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ogun ló fà á. Nígbà tí Napoleon rán àwọn ọmọ ogun Faransé wá gba Pọ́rtúgàl, Arthur Wellesley tó wá di Duke of Wellington kó àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá ran àwọn Potogí lọ́wọ́. Láti dáàbò bo Lisbon, wọ́n mọ odi lórí àwọn òkè tó yí i ká, wọ́n ń pè é ní odi Torres Vedras, 1810 ni iṣẹ́ ẹ̀ tó dójú àmì, ìlà kejì odi yẹn sì gba Bucelas kọjá. Àwọn ọmọ ogun tó jókòó síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí lẹ rò pé wọ́n ń mu? Bí wọ́n ṣe padà sílé ni wọ́n ń bèèrè fún un. Wọ́n ń kọ ọ́ ní Bucellas, wọ́n sì tún ń pè é ní Lisbon Hock, torí Hock ni wọ́n ń pe wáìnì funfun tó wá láti odò Rhine ní Jámánì, ó dùn mọ́ wọn lẹ́nu bíi tìyẹn.

Láti ibẹ̀ ni ìtàn kan ti jáde tí wọ́n ṣì ń sọ títí dòní, pé Arinto ni Riesling ti Jámánì tí ẹnì kan gbé wá sí Pọ́rtúgàl láyé àtijọ́. Kò sóòótọ́ níbẹ̀. DNA ò fi wọ́n bára tan. Méjèèjì kàn kan dáadáa ni, méjèèjì sì máa ń pẹ́ nínú ìgò láìbàjẹ́, ìyẹn ò sọ wọ́n di ọmọ ìyá.

## Kí ló ń ṣe nínú ìgò tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ ẹ̀?

Ẹ kọjá odò Tejo sápá gúúsù, ẹ dé Alentejo. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ, igi kọ́ọ̀kì káàkiri, oòrùn tí kò mọ àánú, ooru ibẹ̀ máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Àjàrà funfun tí wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni Antão Vaz, tó fẹ́ràn ooru tó sì ń kún ẹnu dáadáa, àmọ́ tí wọ́n bá jẹ́ kó gbó jù, kíkan á lọ. Roupeiro wà níbẹ̀ pẹ̀lú (tí wọ́n ń pè ní Síria níbòmíì, tí wọ́n tún ń pè ní Códega níbòmíì, ẹ ṣáà rí bí wọ́n ṣe ń ṣe), òórùn tiẹ̀ kì í pẹ́ lọ.

Kí wá ni àwọn tó ń ṣe ọtí níbẹ̀ ń ṣe? Ọ̀nà méjì ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́, òfin gbà wọ́n láyè kí wọ́n ra ásíìdì tartaric tó dà bí àtíkè, kí wọ́n da díẹ̀ sínú ẹ̀ kó lè kan. Kò burú, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, inú àjàrà náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ìkejì ni kí wọ́n gbin Arinto sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó kù kí wọ́n sì pò ó mọ́ wọn. Èmi fara mọ́ ìkejì. Ásíìdì tí wọ́n dà sí i sábà máa ń dá dúró lẹ́nu bíi pé kò bá ọtí náà mu, ti Arinto ti wọ inú ara ẹ̀ látoko.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ti ń mu Arinto fún ọdún tó pọ̀ tí wọn ò sì mọ̀. Ìgò Alentejo funfun tẹ́ ẹ rà, tí kò kọ ju orúkọ ilé iṣẹ́ síwájú, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, ẹ ka lẹ́tà wínníwínní yẹn, ẹ sábà máa bá a níbẹ̀, lórúkọ kẹta.

## Báwo lẹ ṣe máa mọ ohun tẹ́ ẹ rà?

Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ni pé tí wọ́n bá kọ orúkọ àjàrà kan ṣoṣo sára ìgò, àjàrà yẹn gbọ́dọ̀ tó 85 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ẹ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá kọ Arinto síwájú ìgò, òun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tó bá jẹ́ Bucelas ni wọ́n kọ tí wọn ò dárúkọ àjàrà, ẹ ti mọ̀ pé kò lè dín sí 75.

Kí ẹ wá wo orúkọ ibi tó ti wá, torí òun ló ń yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ tó jọra. Tẹ́ ẹ bá rí Açores tàbí Pico níbikíbi lára lébẹ̀ẹ̀lì, tìbílẹ̀ ọ̀hún ni, kì í ṣe ti Bucelas. Tó bá jẹ́ Vinho Verde pẹ̀lú Pedernã, Arinto tiwa yẹn ni. Tó bá jẹ́ orúkọ àgbègbè bíi Lisboa, Tejo, Alentejo tàbí Bairrada, Arinto tiwa yẹn náà ni. Ní Bairrada, wọ́n tún máa ń fi ṣe èyí tó ń hó bíi ṣáḿpéènì, torí ọtí tó bá máa hó gbọ́dọ̀ kan dáadáa.

Ẹ má gbé iye owó lé orí orúkọ Arinto. Èyí tó rọ̀jú wà, èyí tó wọ́n wà, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló ń pín wọn sí méjì.

## Kí la lè fi mu ún, ṣé ó sì ṣeé tọ́jú?

Ẹja ni. Ní Lisbon, sardine tí wọ́n yan lórí èédú lẹ́bàá títì lásìkò oṣù kẹfà, òun àti Arinto tútù ò kí ń ya ara wọn. Bacalhau náà wà, ìyẹn ẹja kódù tí wọ́n fi iyọ̀ sí tí wọ́n sì sá gbẹ, Norway ni wọ́n ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, Norway yìí náà ló ń kó ẹja gbígbẹ tá à ń jẹ nínú ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, èyí tiwa ni kò ní iyọ̀. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá lè fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí lórí, Arinto á bá a lọ: edé, ẹja yíyan, adìẹ tí kò ní ata rẹpẹtẹ. Ata rodo tó pọ̀ máa ń bá a jà, mo ti gbìyànjú ẹ̀ wò pẹ̀lú ayamáṣe, ata ló borí.

Ẹ jẹ́ kó tutù àmọ́ ẹ má jẹ́ kó di yìnyín, tó bá ti tutù jù kíkan nìkan lẹ máa tọ́ wò.

Ní ti títọ́jú, ọ̀pọ̀ wáìnì funfun tó wà lọ́jà, ọdún kan sí méjì ni wọ́n fi wúlò. Ásíìdì tó wà nínú Arinto máa ń jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, Bucelas tó dáa lè lo ọdún mẹ́wàá, àwọ̀ ẹ̀ á máa pọ́n díẹ̀díẹ̀, òroǹbó inú ẹ̀ á rọlẹ̀, òórùn oyin á wá jáde. Quinta da Romeira ní Bucelas ń ṣe oríṣi méjì tẹ́ ẹ lè fi wé ara wọn. Prova Régia, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ mu ún. Morgado de Santa Catherina, tí wọ́n fi àgbá igi ṣe, òun lẹ lè dùbúlẹ̀ síbi tó ṣókùnkùn tó sì tutù fún ọdún mélòó kan, kì í ṣe orí fíríìjì nínú kíṣìnì tí ooru ti ń sè é o. Vinho Verde tó ní Pedernã nínú ní tiẹ̀, ẹ mu ún kí ọdún tó yí po.